Alhaji Tí Ó Ṣí Gáàsì Kí Ó Tó Ṣáná

Ẹ̀dá àkọ́kọ́ tó fi iná ṣe fáàrí, Ìbílíìsì ni. Ọlọ́hun ní kó forí kanlẹ̀ fún Ànábì Ádámà, ó na ọrùn bí àgùnfọn, ó ní, "Iná lO fi dá èmi, amọ̀ lO fi dá òun." Gbogbo wa la mọ ibi tí fáàrí náà gbé e dé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ádámà ń gbàgbé. Ní Ajah tiwa yìí, lójú wa kòrókòró, ọkùnrin kan tún dìde tó ní ẹrú òun ni iná, pé bí òun bá wúkọ́, iná á wárìrì.

Orúkọ rẹ̀ ni Alhaji Fàtíù Ọdúnjọ, Adelé Olùdarí Àjọ Ìṣọ́ra-fún-Iná, ẹ̀ka Ajah. Ìwọ òǹkàwé mi, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá ọ́fíìsì náà kiri. Ọ́fíìsì yòówù tí o bá wọ̀, tí àga ọ̀gá bá tóbi ju yàrá tí wọ́n gbé e sí, mọ̀ pé o ti dé ìtòsí rẹ̀.

Fetí sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀: "Adelé". Ọ̀rọ̀ bíńtín yìí ni òkúta inú bàtà Alhaji. Ó ti ní mọ́tò, ó ti ní àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún un, ó ti ní aṣọ iṣẹ́ pupa tí òun fúnra rẹ̀ yàwòrán rẹ̀ fún télọ̀, pẹ̀lú fìlà kan tó rí gan-an bí ogbe àkùkọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ìjọba bá a yọ "Adelé" kúrò níwájú "Olùdarí". Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, bó bá jẹun, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá kírun, ó máa ń wáyè dúró nínú àdúà, á rán Ọlọ́hun létí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òun.

Láràárọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ bá ti yà wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ á ti tò sí ìlà. Mikail, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa bójú tó ètò àti àlejò, àmọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìpọ́nni, á ké ròròrò:

"Iná Ajah dà?"

"Ó ti sá lọ!" ni gbogbo wọn á dáhùn.

"Kí ló rí tó fi sá?"

"Ó rí Alhaji!"

Alhaji á wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan lónìí, ẹsẹ̀ kejì lọ́la. Ọkùnrin kan á tẹ̀ lé e tí yóò gbé agolo apaná kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà. Kò sí nǹkan kan nínú agolo náà. Alhaji ló ní kí wọ́n da oògùn inú rẹ̀ nù, nítorí ó ń wúwo jù fún ẹni tó ń gbé e, kì í sì í jẹ́ kó rìn pẹ̀lú ọlá.

Àṣẹ tí ọkùnrin yìí pa kò lóǹkà. Ó ní kí àwọn oníbúrẹ́dì má dáná sí ààrò mọ́ àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ wá júbà lọ́fíìsì. Ó ní kí àwọn onísúyà Ikate yí ojú ààrò wọn sí ìhà ibi tí òun wà, kí iná lè máa rántí ọ̀gá rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kí n tó sọ èyí o: ìhà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé a máa ń kọjú sí kírun, kì í sì í ṣe ilé ọmọ Ọdúnjọ.

Ìròyìn ayọ̀ wá dé lọ́jọ́ kan. Kọmíṣánnà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ ní Ajah láti wá wo iṣẹ́ àjọ náà. Bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, ni yóò ti kéde Alhaji ní Olùdarí pátápátá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwọn mìíràn wà tó ti ń wo àga náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

Alhaji pèpàdé. Ó ní òun yóò ṣe Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Iná ní pápá tó wà lẹ́yìn ọjà. Òun yóò dáná, òun yóò sì fọwọ́ ara òun pa á.

"Gọ́tà tó gba ìdí pápá yẹn kọjá ńkọ́?" ló bi wọ́n. "Ṣé Kọmíṣánnà á kúrò nílé rẹ̀, á wá máa wo omi dúdú ni?"

"Ẹ jẹ́ ká bò ó ni, Alhaji," Mikail dáhùn kíá. "Ká fi sílábù bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ẹnu rẹ̀ níwájú nìkan. Ká kan pèpéle lé e lórí, ká tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, ká wá to àga àwọn èèyàn ńlá síbẹ̀. Gọ́tà á di ààfin!"

"Èrò tèmi gan-an nìyẹn," ni Alhaji wí. "Mikail kàn yára sọ ọ́ jáde ni."

Injíníà Fúnláyọ̀ nawọ́ sókè. Òun ni igbákejì Alhaji. Ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń jó ni obìnrin yìí fi ọdún púpọ̀ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí Alhaji fi í ṣe kò ju kó máa wo omi inú ìgò tó kù fún àlejò.

"Ẹ má bínú, sà. Kí la fẹ́ sun lọ́jọ́ náà?"

"Páànù ńlá kan tí dísù, epo tírélà, kún inú rẹ̀. Ẹ ò níí fi pẹtiróòlù sí i. Gbogbo ọlọ́kadà ló ń ra pẹtiróòlù. Dísù ló yẹ ọlá mi."

"Dísù ò níí gbaná bẹ́ẹ̀, sà. Kì í ṣe epo gan-an ló ń jó. Ooru tí a kì í fojú rí, tó ń yọ lójú epo, ni iná ń jẹ. Pẹtiróòlù ń yọ ọ́ nígbà gbogbo, dísù kì í yọ tó àfi tí ó bá gbóná. Tí ẹ bá sọ ìṣáná sínú dísù tútù, á kú bí ìgbà tí ẹ sọ ọ́ sómi."

"A ó fi gáàsì ìdáná ràn án lọ́wọ́ nígbà náà," ni Mikail wí, ó sì wo ojú Alhaji bóyá òun gba máàkì.

"Níbi gọ́tà tí ẹ bò? Ẹ gbà mí o! Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, sà. Bó bá ti jáde, ilẹ̀ ló ń wá. Á máa ṣàn bí omi, á máa wá kòtò. Tí ó bá wọ gọ́tà yẹn, tí iná kàn án, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Iná tó ń jó ní gbangba máa ń rìn. Èyí tó ń jó nínú ihò tí wọ́n dé lórí, kò rí ibi tí yóò na ara sí, á máa ti ara rẹ̀ níwájú, bó ṣe ń lọ ni eré rẹ̀ á máa le sí i. Ẹsẹ̀ èèyàn ò lè sá fún un."

Alhaji fara ti àga. "Injíníà, iná tó ń sáré yìí, bàtà wo ló wọ̀?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn tí kò gbọ́ ohun tó wí ló rín jù. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó wá ń yọjú wò láti ilẹ̀ bóyá Alhaji rí i.

"Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ," ni Alhaji wí fún obìnrin náà. "Látọjọ́ tí mo ti ń bá iná jà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí. Tí o bá tún jà mí níyàn níwájú èèyàn, Ẹ̀pẹ́ ni màá gbé ọ lọ, o ó máa ṣọ́ ẹja."

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn dà bí ìpè ìrun àsùbáà. Ẹni tó gbọ́ pọ̀, ẹni tó dìde kéré.

*

Ọjọ́ náà pé. Pápá kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn bíríkìlà kúrò níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Thomas Estate, àwọn onímàrúwá gbé kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn ìyálọ́jà gbé àpótí jókòó sínú oòrùn. Lórí pèpéle, àwọn èèyàn ńlá jókòó lórí àga aláwọ̀, gọ́tà sì wà lábẹ́ wọn láìsọ̀rọ̀. Páànù dísù wà nísàlẹ̀, níwájú àtẹ̀gùn pèpéle gan-an, lẹ́bàá ẹnu gọ́tà tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Alhaji dìde pẹ̀lú fìlà ogbe àkùkọ rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó wá ṣáná, ó sọ ọ́ sínú dísù.

Ṣìì. Ìṣáná kú.

Ó ṣá òmíràn. Ṣìì. Ó ṣá púpọ̀ pọ̀, ó sọ wọ́n síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn kú, wọ́n ń léfòó lórí epo bí èèrà tó bọ́ sínú ọbẹ̀.

"Alhaji, epo yẹn ti sùn o! Ẹ rọra jí i!" bíríkìlà kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jẹ́ kó jẹun ná, ebi ló ń pa á!"

Mikail já gbohùngbohùn gbà. "Ẹ pàtẹ́wọ́! Ẹ ò rí iṣẹ́ ìyanu? Iná fẹ́ ràn, ó fojú kan Alhaji, ó bá padà sílé!"

Bí Alhaji bá ní àrékérekè díẹ̀ ni, ì bá ti parí ètò síbẹ̀, kó tẹríba, kó gba oyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kọmíṣánnà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Alhaji, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pa iná. Èwo lẹ fẹ́ pa nínú èyí tí mi ò rí yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún bàlúùnù. Kíá ló ránṣẹ́ sí Rùkáyàt onígáàsì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì. Wọ́n gbé sìlíńdà ńlá kan dé, wọ́n gbé e ti páànù, wọ́n na rọ́bà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ epo. Alhaji fi ìka júwe. Mikail bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ẹnu sìlíńdà títí kò fi yí mọ́.

Fììììì.

"Mikail!" Rùkáyàt ké. "Ìwọ èèyàn yìí, wọ́n ń ṣáná ná kí wọ́n tó ṣí gáàsì ni!"

"Ẹ ṣáná ná o!" ni gbogbo obìnrin pápá gbà á. Kò sí ẹni tó ti din ẹyin rí tí kò mọ òfin yìí. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí Alhaji ti fẹ́ Bàṣírát ìyàwó rẹ̀, ilé ìdáná ni ibì kan ṣoṣo ní gbogbo Ajah tí kò tíì lọ bẹ̀ wò rí.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ìháragàgà ló ń pa wọ́n. "Ẹ̀yin ìyá wa, sùúrù. Ìjọba kì í kánjú ṣáná."

Mikail sún mọ́ etí rẹ̀. "Alhaji, a ò tíì kí àwọn èèyàn ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá dáná láìkí wọn, ètò ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ìwọ òǹkàwé, o mọ àṣà yìí. Ní ìlú wa, ilé lè máa jó, àfi kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tó jókòó síwájú.

Alhaji tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Mo kí Kọmíṣánnà wa, igi àràbà tí gbogbo ẹyẹ ń sá sí! Bí ẹ bá dúró, òṣùmàrè ni yín. Bí ẹ bá jókòó, òkè ni yín. Mo kí akọ̀wé Kọmíṣánnà, nítorí òkè ò lè kọ̀wé fúnra rẹ̀. Mo kí awakọ̀ Kọmíṣánnà, nítorí bí kò bá wà á, à bá máa wo ara wa níbí. Mo kí ẹni tó fún mọ́tò náà ní atẹ́gùn..."

Fììììì, ni gáàsì ń bá a gbè.

Gáàsì náà kò rí ẹni tó ń wò ó. Ó jáde, ó fara balẹ̀ sórí koríko, ó ń wọ́ lọ, ó rí ẹnu gọ́tà, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Lábẹ́ àga àwọn èèyàn ńlá, ó ń kún, ó ń kún.

Òórùn rẹ̀ dé òkè. Kánsẹ́lọ̀ kan wo ẹni tó jókòó tì í tìfura-tìfura. Ìyẹn náà wo ẹni tó tẹ̀ lé e. Olóyè kan fi ìwé ètò bo imú, ó mi orí, ó ní lábẹ́ ohùn pé àwọn èèyàn ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ kí wọ́n tó jáde nílé. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Fúnláyọ̀ nìkan ló dìde. Ó sáré lọ síbi sìlíńdà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kan na okùn pupa dí i lọ́nà.

"Màdáámù, ibí ni ààlà. Alhaji ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá títí òun á fi sọ̀rọ̀ tán."

"Gáàsì ń jáde!"

"Ọ̀rọ̀ Alhaji náà ń jáde."

"Ẹ sá o! Ẹ kúrò lórí gọ́tà!" ló ké sí àwọn èrò. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Ó wo pèpéle. Kọmíṣánnà wà lórí sílábù, àwọn àgbà wà lórí sílábù, obìnrin olóyún kan fara ti igun pèpéle, ó ń fi etí aṣọ fẹ́ ojú. Tí Alhaji bá ṣáná báyìí, òkú ni wọ́n á máa ṣà. Fúnláyọ̀ bẹ Ọlọ́hun nínú ọkàn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn wọ̀nyí á gbọ́. Ọlọ́hun sì fún un. Ó sáré sídìí gbohùngbohùn kejì, ó lọgun:

"Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ti ń bu ìrẹsì lẹ́yìn kánópì tó wà lọ́hùn-ún! Ẹran ńlá-ńlá ló wà lórí ẹ̀! Kò lè kárí o!"

Haa! Ladani ń dúró lórí mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́ tó ń ké pé ẹ wá síbi ìgbàlà, ẹsẹ̀ wa á máa wúwo bí irin. Èmi ò tíì gbọ́ pé wọ́n sáré lọ síbi ìgbàlà rí bí wọ́n ṣe sáré lọ́jọ́ náà. Àwọn bíríkìlà fò. Àwọn ìyálọ́jà gbé àpótí. Obìnrin olóyún náà ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orí pèpéle tú bí ilé agbọ́n. Olóyè gbàgbé bàtà. Kọmíṣánnà kò sáré o, ènìyàn ńlá kì í sáré. Ó kàn rìn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó débi kúlà ìrẹsì ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó di okùn pupa mú sọ okùn sílẹ̀. Mikail sọ pé òun ń lọ bójú tó ètò. Àwo méjì ló fi bójú tó o.

Alhaji kò mọ̀. Oríkì ara rẹ̀ ló wá kàn láti kì, ó sì ti dijú fún adùn. "Èmi Fàtíù, ọmọ Ọdúnjọ, tí iná rí tó ní, 'Bàbá, mo túúbá'..."

Fúnláyọ̀ dé ìdí sìlíńdà, ó yí i pa. Fììì dákẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde.

"Alhaji, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Gọ́tà tó wà lábẹ́ yín ti kún fún gáàsì!"

Alhaji lajú. Ó rí pápá òfìfo, ó rí àga òfìfo, ó rí igbákejì rẹ̀ nìkan. "Ó hàn sí mi báyìí. O lé èrò mi lọ kí ìwọ lè jókòó sórí àga mi."

"Ẹ jókòó sórí àga yín lọ́jọ́ mìíràn, sà! Ẹ má ṣáná ṣá!"

"Gbogbo Ajah pariwo pé kí n ṣáná, ìwọ nìkan ló ní kí n má ṣá a!"

Ó mú ògùṣọ̀ kan tó wà nítòsí, tí wọ́n ti fi aṣọ wé, tí wọ́n sì rẹ sínú kẹrosíìnì, ó ṣáná sí i, ó gbé e sókè bí ọba tó gbé ọ̀pá àṣẹ, ó sì jù ú sọ́nà páànù. Kò tiẹ̀ mọ nǹkan jù. Orí koríko ló bọ́ sí.

Fúnláyọ̀ ti sáré, ó ti dojú bolẹ̀ lókèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún yín, nítorí òun gan-an kò pẹ́ rárá. Iná kọ́kọ́ yọ lórí koríko, búlúù fẹ́lẹ́, kò ga ju kókósẹ̀ lọ. Ó ń rìn bí àgbàlagbà tó ń ti ìrun bọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Alhaji tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó dé ẹnu gọ́tà, ó bẹ inú rẹ̀ wò, ó wọlé. Bó ṣe wọlé tán ló di ẹlòmíràn. Òkè dí, ẹ̀gbẹ́ dí, oúnjẹ wà níwájú, ẹ̀fúùfù gbígbóná ara rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Vuuu! Sílábù àkọ́kọ́ fò bí ìdérí ìkòkò. Gbà! Èkejì. Gbàgà! Ẹ̀kẹta. Èyí tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa kò tọrọ àyè. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé pèpéle, ó gbé Adelé Olùdarí.

Alhaji gòkè. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó ga ju gbogbo èèyàn tó ti kí lọ. Ó wá ṣẹ́rí wálẹ̀, ó já lu àtẹ̀gùn, ó ń yí gbirigbiri, ó sì jókòó gbọ̀ngàn sínú páànù dísù.

Ọlọ́hun ṣàánú. Gáàsì ti jó tán, iná ti kú, dísù náà kò sì gbaná. Kó jẹ́ pẹtiróòlù ni, ìtàn mi ì bá má pa yín lẹ́rìn-ín.

Àwọn èèyàn sáré padà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Wọ́n bá Alhaji nínú epo dé àyà, fìlà rẹ̀ ti di èédú, irun ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ó wá wà bí ẹni tí ẹnu ń yà títí láé. Gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo nǹkan," ló wí, èéfín ń yọ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, "ló lọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀."

Kọmíṣánnà jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Ta ló pa iná náà?"

Fúnláyọ̀ gbọn koríko kúrò lára. "Kò sí ẹni tó pa á, sà. Ohun tó ń jẹ ló tán."

"Ta ló ti ẹnu sìlíńdà?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí wọ́n ṣí i?"

Mikail, tí ìrẹsì ṣì wà ní igun ẹnu rẹ̀, ló kọ́kọ́ na ìka sí Alhaji. Àwọn yòókù náà nà án. Ọ̀kan nínú wọn tí àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì kò lè na ìka, ó fi àgbọ̀n júwe.

Kọmíṣánnà yíjú sí inú páànù. "Alhaji, mo gbọ́ pé 'Adelé' tó wà níwájú oyè yín ń dùn yín lọ́kàn. Mo ti yọ ọ́ kúrò láti òní lọ."

Ojú Alhaji tàn nínú epo. "Kọmíṣánnà mi! Igi àràbà! Ó wá ku 'Olùdarí' nìkan?"

"Mo ti yọ ìyẹn náà."

*

Injíníà Fúnláyọ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, Mikail ti to àwọn èèyàn sí ìlà, ó ti ya ẹnu. Obìnrin náà ní kó dẹ́kun ariwo, kó lọ bá wọn kó sílábù tó fọ́ kúrò lọ́nà, kí omi ráàyè kọjá.

Alhaji fi ilé ṣe ibùgbé fún ìgbà díẹ̀. Irun ojú kì í kánjú hù. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó ní kí Bàṣírát fi tìróò fa irun ojú méjì fún òun. Ó fà á dáadáa, ó tẹ̀ bí ọrun. Alhaji wọ aṣọ funfun, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó jókòó sí ìlà iwájú bó ṣe máa ń jókòó tẹ́lẹ̀.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Àlùfáà Àgbà gun mùńbárì, wáàsí rẹ̀ sì dá lórí Námúrúdù ọba agbéraga. Ó ní Námúrúdù kó igi jọ, ó dáná tí ẹyẹ kò lè fò kọjá lókè rẹ̀, ó ju Ànábì Ìbúráhímà síbẹ̀. Ọba tó ni iná ní kó di tútù, ó sì tutù. Ó ní ẹni tí kò lè fún iná ní oúnjẹ, tí kò lè gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ló ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá iná sí? Ó ní kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tó wọ imú Námúrúdù ló pa á.

Àwọn èèyàn ń wo Alhaji. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń gbé ojú kúrò, wọ́n tún ń wò ó. Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó já lọ bá Àlùfáà.

"Àlùfáà, èmi lẹ fi wáàsí òní bú."

"Alhaji, Námúrúdù ni mo dárúkọ. Ṣé ẹbí yín ni?"

"Bí kò bá jẹ́ èmi lẹ ń bá wí, kí ló dé tí gbogbo mọ́ṣáláṣí ń wò mí?"

"Tìróò yín ni wọ́n ń wò. Ó ti ṣàn dé àgbọ̀n."

Alhaji yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú. Ó wo aṣọ náà. Irun ojú rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, dúdú kìrìmù, wọ́n ń wo òun náà. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu, èjìká rẹ̀ gòkè bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú.

"Omi wà níta," Àlùfáà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ fọ ojú, kí ẹ tún àlùwàlá ṣe."

Alhaji pa ẹnu dé. Ó jáde lọ síbi tí àwọn awakọ̀ àti ajórin ti ń ṣe àlùwàlá, ó dúró títí ó fi kàn án, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú bùtá omi.